Pàṣán Kì Í Ṣe Oògùn fún Títọ̀ Sílé

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 7, wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Àkókà. Ojú pàṣán kún ẹ̀yìn ọmọ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń tọ̀ sílé.

"Sístà, mo nà án títí ó sú mi, kò jáwọ́."

Mo bi í pé, "Ìgbà wo ni ó ń tọ̀?"

"Lóru, lójú oorun."

"Ìgbà wo ni ẹ ń nà án?"

"Láàárọ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí ó sùn kò mọ ìgbà tí ó tọ̀. Ẹgba òwúrọ̀ kò lè kọ́ ọ bí a ti ń jí. Ẹ̀rù àti irọ́ ni yóò kọ́ ọ.

Pavlov, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà, fi hàn pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ ajá nígbà gbogbo, bí ó bá pẹ́, ìró náà nìkan yóò mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀. Ní 1938, Mowrer àti ìyàwó rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa aṣọ kan tí a ń tẹ́ sórí ibùsùn. Bí ìtọ̀ bá ti kan aṣọ náà, aago yóò dún, ọmọ yóò jí. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lóru dé òru, àpò ìtọ̀ tí ó kún ni yóò máa jí i kí aago tó dún. Àwọn dókítà ṣì ń lo irú aago yìí títí di òní.

Láyé àtijọ́, wọn a so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ nídìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa kọrin yẹ̀yẹ́ tẹ̀lé e káàkiri àdúgbò. Ìtìjú nìyẹn, ìtìjú kì í jí ẹni tí ó sùn.

Ẹ ṣe báyìí:

Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 5, ẹ ní sùúrù.

Kí ó mu omi tó lọ́sàn-án, kí ó sì tọ̀ kí ó tó sùn. Ẹ má fún un ní tíì tàbí kóòkì lálẹ́.

Bí ó bá tọ̀ kí ó tó sùn, tàbí tí ó bá yín kó aṣọ tútù, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a bá yìn ni ọmọ ń tún ṣe.

Bí ọmọ tí ó ti jáwọ́ bá tún bẹ̀rẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ púpọ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń ta á, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS a máa tọ̀ sílé ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ má ṣe dín omi wọn kù rárá, ewu ni.

A yẹ ìtọ̀ ọmọ náà wò, a kò rí àrùn. Ìyá rẹ̀ gbé pàṣán sílẹ̀. Nígbà tí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ní ọmọ náà ti ń dá jí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti jinná.