Ṣé Rámù Ló Jó Bọ́ọ̀dù Lóòótọ́?

Ẹni tó bá gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lọ fi rámù kún un ní Sábó n'Ìkòròdú tàbí ní Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́, tí ojú ẹ̀rọ náà sì ṣókùnkùn lẹ́yìn náà, ohun tó ṣeé ṣe kó gbọ́ ni pé: "Rámù yẹn ò bá a mu, ó ti jó bọ́ọ̀dù." Ọ̀rọ̀ olówó ńlá ni, torí iye tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀dù lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ra odindi láptọ́ọ̀pù. Lójú tèmi, ẹ̀sùn yìí kì í sábà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Rámù tí kò bá ẹ̀rọ mu máa ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni. Ohun tó ń pa bọ́ọ̀dù jù ni ọwọ́ tó ki rámù bọ̀ ọ́, àti iná tó ṣì wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí ọwọ́ ọ̀hún wọlé.

Àwọn tó ń ṣe rámù ti mọ̀ tipẹ́ pé àṣìṣe ò ní ṣàì wáyé. Rámù irú DDR3, tó dé ọjà ní 2007, ń lo iná fóltì 1.5; DDR4 tó tẹ̀ lé e ní 2014 ń lo 1.2, DDR5, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2020, ń lo 1.1. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé etí ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi ọ̀tọ̀, tí eyín wúrà ẹsẹ̀ wọn ò sì dọ́gba: rámù láptọ́ọ̀pù DDR3 ní eyín 204, ti DDR4 jẹ́ 260, ti DDR5 jẹ́ 262. Ọ̀kan ò lè wọ ihò èkejì àfi béèyàn bá fi tipátipá ṣe é. Orúkọ ẹ̀rọ ló máa ń tan oníbàárà jẹ. HP EliteBook 840 G1 àti G3 jọ ń jẹ́ 840, àmọ́ DDR3L, ìyẹn DDR3 tí iná tó ń lò kéré sí i, ni G1 ń lò, DDR4 ni ti G3. Ẹni tó bá kàn béèrè "rámù 840" lè gbé èyí tí kò wúlò délé, owó rẹ̀ nìkan ló sì ṣòfò. Kódà bí rámù bá wọlé láìbá a mu, bíi rámù DDR4 ti sáfà ńlá tí wọ́n ki sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ̀rọ á kàn máa ké pípì-pípì ni, tàbí kí ojú rẹ̀ dúdú. Bí a bá yọ rámù náà, ẹ̀rọ á padà sípò.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú lè bi mí pé: DDR3 àti DDR3L ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Eyín 204 ni àwọn méjèèjì ní, ibì kan náà ni wọ́n gé wọn, bẹ́ẹ̀ fóltì 1.35 ni DDR3L ń lò. Nígbà tí Intel gbé pírósẹ́sọ̀ Skylake jáde ní 2015, wọ́n kìlọ̀ pé DDR3L nìkan ni kí wọ́n lò pẹ̀lú rẹ̀, torí lílo DDR3 oní fóltì 1.5 fún ìgbà pípẹ́ lè ba pírósẹ́sọ̀ jẹ́. Mi ò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ tó ń jẹ ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èyí tó ń pa á kí ẹnjiníà tó de síkúrù tó kẹ́yìn. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n sì ṣe fún 1.35 nìkan, 1.35 náà ló máa fún rámù yòówù tó bá wà níbẹ̀. DDR3 tí ìyẹn ò tó kò kàn ní jí ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn mọ̀, kó wo ìwé tó lẹ̀ mọ́ rámù: PC3 ló wà lára ọ̀kan, PC3L lára èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí wọ́n bá ti pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, ó ti kú. Kò kú, ó sùn ni. Iná ṣì ń lọ sínú rámù, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí a ṣí sílẹ̀ wà. Kí wọ́n yọ ṣájà ò tó, bátìrì wà nínú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì náà, níwọ̀n ìgbà tí wáyà rẹ̀ bá ṣì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní iná, iná díẹ̀ ṣì ń yí bọ́ọ̀dù ká bí a tilẹ̀ ti pa á. Bí wọ́n bá fa rámù yọ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, tí eyín kan kan èkejì, tàbí tí síkúrù já bọ́ sórí bọ́ọ̀dù, ohun tó máa jó lè jó ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìkánjú náà tún wà: wọ́n á ki rámù ní wíwọ́, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, eyín tó wà nínú ihò á wọ́. Ní ti iná tó máa ń ta láti ara èèyàn, ọyẹ́ ni ìgbà tirẹ̀. Nínú ọ̀rinrin etí ọ̀sà, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ọ̀rinrin yìí kan náà ló sì máa ń jẹ́ kí ìdọ̀tí bo eyín rámù, tí ẹ̀rọ ò fi ní rí i. Nígbà míì, "bọ́ọ̀dù tó jó" á jí padà bí wọ́n bá fi ìrésà nu eyín rámù àtijọ́, tí wọ́n dá a padà sí ihò rẹ̀.

Wọ́n lè ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnjiníà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, pé ojú lásán ló fi ń mọ̀. Ìrírí ní iyì, àmọ́ ìdánwò tó máa fi òótọ́ hàn kò gba owó: kó dá rámù àtijọ́ padà, kó gbìyànjú ihò kọ̀ọ̀kan, kó sì gbé rámù tuntun náà sínú ẹ̀rọ mìíràn tó bá a mu. Wọ́n tún lè ní àìlówó ló ń jẹ́ káwọn èèyàn ra rámù àlòkù tí kò dájú. Òótọ́ nìyẹn náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU ní Ẹ̀pẹ́ tó ń ṣe AutoCAD lórí 4GB kò lè ṣe kó má wá àfikún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlòkù yìí gan-an ló mú kí n máa fura sí ẹ̀sùn náà. Ìwádìí tí yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó àdéhùn Basel lórí pàǹtírí eléwu tó wà n'Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí mọ́kàndínlógún kò ṣiṣẹ́. Àìsàn tí bọ́ọ̀dù ti gbé bọ̀ láti òkè òkun lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ, rámù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á wá gba ẹ̀bi rẹ̀. Bí bọ́ọ̀dù bá kú lóòótọ́, kí oníbàárà bi ẹnjiníà bóyá ó yọ bátìrì kó tó fọwọ́ kan rámù. Bí kò bá yọ ọ́, kò sí ìdí tí oníbàárà á fi dá san owó bọ́ọ̀dù.