Ibi tí ilé méjì ti pàdé ní Hampton Court

Ẹni tó bá gba ẹnu-ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn wọ ààfin Hampton Court, létí odò Thames ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, bíríkì pupa ni yóò kọ́kọ́ rí: ògiri tó ki, ilé ìṣọ́ lọ́tùn-ún lósì, ihò èéfín tí wọ́n lọ́ bí okùn. Ṣùgbọ́n tó bá dé àgbàlá kejì, ọ̀wọ́ òpó olókùúta yóò yọ sí i lápá ọ̀tún, irú èyí tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ máa ń gbé síwájú tẹ́ḿpìlì, tí wọ́n gbé ti ògiri pupa tí kò bá a mu rárá. Àwọn kan gbà pé àlẹ̀mọ́ yìí ba ilé Ọba Henry Kẹjọ jẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun ì bá ti parí rẹ̀, kí ojú má baà máa rí ìdajì-ìdajì. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Ibi tí ilé méjì ti pàdé yìí gan-an ló yẹ kí òfin tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ ṣọ́ jù lọ ní Hampton Court, torí òun ló ń sọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan kò lè dá sọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ilé náà kì í ti í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan. Ẹgbẹ́ ajagun ẹlẹ́sìn tí wọ́n ń pè ní Hospitaller ló ni ilẹ̀ náà láti 1236, abà oko ni wọ́n sì fi ṣe. Ní 1514, Thomas Wolsey, àlùfáà tí kò pẹ́ tó fi di káàdínà àti ẹni tí ọba ń fọ̀rọ̀ lọ̀ jù lọ, gba ibẹ̀ fún ọdún 99. Ó kọ́ ibùwọ̀ àlejò 40 yí àgbàlá iwájú ká, ó sì ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohun tí àlejò kì í sábà rí láyé ìgbà yẹn. Nígbà tí kò rí àṣẹ gbà lọ́wọ́ póòpù kí Henry lè kọ Catherine aya rẹ̀ sílẹ̀, ọba kẹ̀yìn sí i, ààfin sì bọ́ sọ́wọ́ ọba. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, Henry ná owó tó lé ní 62,000 pọ́n-ùn síbẹ̀. Ó fẹ ilé ìdáná lójú, ó sì kọ́ gbọ̀ngàn ńlá láàárín 1532 sí 1535. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ igi gbọ̀ngàn náà, Anne Boleyn ni olorì, wọ́n sì gbẹ́ lẹ́tà H àti A tó kọ́ra lọ́rùn sára rẹ̀. Ní 1536 wọ́n bẹ́ Anne lórí, Jane Seymour bọ́ sípò rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì Anne kúrò. Wọn kò rí gbogbo rẹ̀ yọ. H àti A kan ṣì wà lára pákó tí wọ́n fi dábùú ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i. Nítorí náà, kí bíríkì tó gbẹ tán lára ilé Henry ni Henry fúnra rẹ̀ ti ń tún un ṣe.

Aago ńlá tí wọ́n gbé sókè ẹnu-ọ̀nà inú ní 1540 náà yẹ ní wíwò. Lójú aago yìí, oòrùn ló ń yí ayé po. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé onímọ̀ ìràwọ̀ Copernicus tó sọ òdìkejì rẹ̀ jáde. Aago náà tún ń sọ àkókò tí omi Thames máa ń kún ní afárá Lọ́ńdọ̀nù, torí ọkọ̀ ojú omi ni ọba àti àwọn ìjòyè fi ń lọ fi ń bọ̀, omi abẹ́ afárá náà sì léwu nígbà tó bá ń fà. Kò sí ẹni tó máa ní kí wọ́n tún aago náà ṣe kó lè bá ìmọ̀ òde òní mu. Ohun tí a gbà fún aago yìí ni mo ń béèrè fún odindi ilé.

William Kẹta àti Mary Kejì gorí ìtẹ́ ní 1689. Ikọ́ fée ń bá William fínra, èéfín àárín ìlú kò sì jẹ́ kó mí délẹ̀, ló bá yan Hampton Court. Christopher Wren, tó ń kọ́ kàtídírà St Paul's lọ́wọ́, ya àwòrán ilé tuntun tó jẹ́ pé gbọ̀ngàn ńlá nìkan ni ì bá ṣẹ́ kù nínú ti àtijọ́. Wọ́n wó àwọn yàrá tí Henry àti àwọn olorì rẹ̀ gbé. Wọ́n kánjú mọ ògiri tuntun débi pé apá kan rẹ̀ ya lulẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún náà, ó pa òṣìṣẹ́ méjì, ó sì ṣe mọ́kànlá léṣe. Ní 1694 ìgbóná pa Mary, ọwọ́ iṣẹ́ rọ. Ìgbà tí Whitehall, ààfin ọba láàárín Lọ́ńdọ̀nù, jóná ní 1698 ni William tún padà sídìí rẹ̀. William Talman ló sì parí inú yàrá ọba, torí iye tó dá kò tó ti Wren. Ikú, iná àti owó ló fa ààlà tó wà láàárín bíríkì Henry àti òkúta Wren. Ọ̀wọ́ òpó tí àwọn kan kò fẹ́ rí yẹn, òun ló bo ọ̀nà tó lọ sí àtẹ̀gùn yàrá ọba tuntun. Ẹ mú un kúrò, ẹ ó ti pa ẹ̀rí rẹ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé yìí, wọn kò sì rí i wó tán.

Ohun tó tún mú ẹsẹ̀ àwọn olùfẹ́ Henry yẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ràn kì í ṣe ti Henry. Ilé ẹnu-ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn jẹ́ alájà márùn-ún tẹ́lẹ̀; láàárín 1771 sí 1773 ni wọ́n ré àjà méjì kúrò lórí rẹ̀ torí kó má baà wó. Charles Kejì ni ó di yàrà tó wà níwájú rẹ̀. 1910 ni wọ́n tó hú u padà, tí wọ́n sì to ère ẹranko sórí afárá rẹ̀. Nínú àgbàlá aago, ẹnu-ọ̀nà kan wà tó jọ ti ayé Henry, bẹ́ẹ̀ William Kent ló kọ́ ọ fún George Kejì, 1732 ló sì wà lára rẹ̀. Gíláàsì aláràbarà tó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá jẹ́ ti ọ̀rúndún 19. Bí a bá ní ká yọ gbogbo àfikún kúrò ká lè rí ilé Henry, ihò ni a ó bá ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ẹlòmíràn yóò wá bi mí pé: bí àtúnṣe ló sọ ilé náà di ohun tó jẹ́, kí ló dé tí òfin fi ń ká àwọn ará òde òní lọ́wọ́ kò? Ìbéèrè yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wolsey, Henry àti William ń wá ibi tí wọn yóò sùn, tí wọn yóò jẹun, tí wọn yóò gba àlejò, wọ́n sì ń tún ilé ṣe bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. George Kejì lọba tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ní 1838 Ọbabìnrin Victoria ṣí i fún tolówó-tálákà, láti ìgbà náà sì ni iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe ti yí padà: wọ́n ń wá kà á ni, wọn kò wá gbé inú rẹ̀ mọ́. Àtúnṣe William sọ yàrá Henry nù pátápátá, àdánù ńlá ni, n kò ní torí pé mo fẹ́ràn òpó Wren kí n fi bò ó mọ́lẹ̀. Àdánù yẹn gan-an ló fi hàn pé ó yẹ kí òfin wà. Òfin kò sì ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án gba àṣẹ, kí ó sì sọ ìdí.

Iná 31 oṣù Kẹta ọdún 1986 ló dán èrò yìí wò. Ó jó apá gúúsù, àwọn yàrá William, obìnrin arúgbó kan tó ń gbé òkè ibẹ̀ sì kú. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní Hampton Court, ìmọ̀ ni iná náà bù sí i: bí pákó àti ọ̀dà ṣe ká kúrò, ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ William gbà kọ́ ilé hàn kedere. Ìwé ìṣirò owó ayé ìgbà náà ṣì wà, ni wọ́n bá dá àwọn yàrá náà padà sí bí wọ́n ṣe rí ní nǹkan bí 1700, wọ́n sì tún ṣí wọn ní 1992. Ṣé ìyẹn kò ta ko ohun tí mo ń sọ? Ì bá ta kò ó ká ní wọ́n wó ohun tó ṣì dúró torí rẹ̀. Ohun tí iná ti jẹ ni wọ́n tún ṣe, ẹ̀rí sì ń tọ́ wọn sọ́nà.

Èyí tó le jù ni ti iṣẹ́ Grinling Gibbons, agbẹ́gilére tó fi igi gbẹ́ òdòdó àti ewé sára ògiri ọba. Ọ̀kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méje jó di eérú, David Esterly ará Amẹ́ríkà ló sì gbẹ́ àrọ́pò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yẹn ló ti rí i pé koríko líle kan ni Gibbons fi ń dán igi. Ó tún jà pé kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ère náà padà sí àwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn kọ́, kàkà kí wọ́n dúdú bí èròjà ọ̀pọ̀ ọdún ṣe sọ wọ́n dà. Àwọn alábòójútó kọ̀ fún un, wọ́n kun èyí tuntun kó lè bá àwọn tó kù mu. Esterly ló mọ igi jù wọ́n lọ, ẹwà sì wà nínú ohun tó fẹ́. Síbẹ̀ ìpinnu wọn ni mo fara mọ́: àwọn ère tí iná kò jó ti dúdú fún ọdún tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi funfun lọ, ẹni tó bá sì fọ àwọ̀ yẹn kúrò kò ní rí i dá padà mọ́.