Olú Inú Lébúlébú Igi: Oúnjẹ Tàbí Májèlé?

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó wọ̀ lọ. Àwa ará Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀ mọ olú tí í hù lẹ́bàá ọ̀gán nígbà òjò. Ní ọdún 1975, B. A. Oso kọ̀wé nípa olú àti àwọn Yorùbá sínú ìwé ìròyìn Mycologia, ó sì fihàn pé àwọn baba wa ń fi olú ṣe oúnjẹ àti oògùn.

Nísisìyí, kò di dandan kí a dúró de òjò. Ní ọdún 1917 ni a ti ń dán gbíngbin olú Pleurotus wò lórí kùkùté igi ní ilẹ̀ Jámánì. Lónìí a ń gbìn ín ní Nàìjíríà sínú lébúlébú igi tí ilé ìlagi ń kó dànù. A ó bu omi rin ín, a ó pò ó mọ́ èèrí ọkà, a ó dì í sínú ọ̀rá, a ó sì fi oru omi gbígbóná pa kòkòrò inú rẹ̀. Nígbàtí ó bá tutù, a ó fi irúgbìn olú sí i. Lẹ́hìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, okùn funfun wẹ́wẹ́ yóò ta ká inú rẹ̀. Nígbànáà ni a ó là á fún afẹ́fẹ́, olú yóò sì yọ.

Ǹjẹ́ níbo ni ewu wà? Olú kò ní ewé tí yóò fi gba agbára oòrùn, bí ànàmọ́ tí a mọ Ọ̀fà mọ́. Ohun tí ó bá hù lé lórí ni ó ń yọ́, tí ó sì ń fà mu. Bí òjé, mákúrì tàbí cadmium bá wà níbẹ̀, yóò fà á mọ́ra. Ojú kò ní rí i, ahọ́n kò sì ní mọ̀ ọ́n. Iná a máa pa kòkòrò, ṣùgbọ́n iná kì í pa òjé. Fífọ̀ pẹ̀lú kò lè mú un kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Nítorínáà, kì í ṣe gbogbo pàǹtírí ni ó yẹ. Lébúlébú igi tí a kò fi nǹkankan kùn dára. Pòròpórò àgbàdo àti òwú mímọ́ dára pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n igi tí a ti fi oògùn ikán tàbí ọ̀dà kùn, lébúlébú tí epo ẹ̀rọ ti dà sí, àti pàǹtírí ibi tí a ti ń tú bátìrì, kí a sá fún wọn.

Ẹnití ń gbìn, kí ó bèèrè irú igi tí a là, kí ó sì mú díẹ̀ nínú olú rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ó tó tà á. Ẹnití ń rà, kí ó bèèrè pé, “Inú kí ni ẹ gbìn ín sí?” Ọmọ tí yóò jẹ ọbẹ̀ náà kò lè bèèrè fún ara rẹ̀, àwa ni kí a bèèrè fún un.