Bí Ìwé Ìròyìn Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Sọ Ènìyàn Di Òǹkọ̀wé

Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ogidi, ní ilẹ̀ Ìgbò, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Iṣẹ́ ìṣègùn ni wọ́n fún un lówó ìrànwọ́ láti kọ́. Lẹ́yìn ọdún kan ó pa á tì, ó bọ́ sí ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, owó náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1950, ó kọ àpilẹ̀kọ ẹlẹ́rìn-ín kan nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú University Herald, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Lẹ́tà àti ìtàn kéékèèké tẹ̀lé e. Nígbà tó fi di sáà 1951 sí 1952, òun gan-an ni olóòtú. Chinua Achebe lorúkọ rẹ̀, ọdún 1958 sì ni Things Fall Apart jáde.

Ohun tí kíláàsì kò lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ni òǹkàwé. Bí olùkọ́ bá ní kí o kọ àròkọ, òun nìkan ni yóò kà á, dandan sì ni kó kà á, owó oṣù rẹ̀ wà lórí ẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé máàkì lò ń wá. Ní ti ìwé ìròyìn, kò sẹ́ni tó jẹ ọ́ ní gbèsè kíkà. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ kò bá dùn, ẹni tó ń lọ pọn omi yóò kọjá lára pátákó tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ láì wẹ̀yìn.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn lónìí, Union of Campus Journalists, tí wọ́n ń pè ní UCJ, ni ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ilé-ibùgbé náà sì ní pírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, tiwọn. Tẹ́lẹ̀, bébà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó. Nísinsìnyí, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì àti WhatsApp. Iṣẹ́ kékeré ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún ẹni tuntun: omi tí kò yọ, ìpàdé tó dà rú, ẹni tó ń du ipò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Yóò lọ, yóò béèrè, yóò sì kọ ọ́ kí ìròyìn náà tó ṣá. Kò sáyè àtijókòó máa retí ìmísí.

Ọ̀dọ̀ olóòtú ni ara ti ń ta. Olóòtú yìí kì í ṣe àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi ti ẹni tuntun náà ni, bóyá tó fi ọdún kan tàbí méjì ṣáájú. Yóò fa igi lé ìdajì ohun tó kọ. Yóò bi í pé: ta ló sọ báyìí? Ṣé o wà níbẹ̀, àbí wọ́n sọ fún ẹ ni? Gbogbo ọ̀rọ̀ gbàǹgbà tí ọmọ náà kó jọ láti fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò kọ́kọ́ gé. Àwọn kan máa ń bínú lọ níbí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ó ń dunni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún un kọ, tó wá rí i pé èyí tó kúrú ló dùn ún kà, ti mọ ohun tí ìdánwò kì í kọ́ni: pé ọ̀rọ̀ ṣe é tún ṣe títí yóò fi dára.

Ìfẹ́ ìwé kíkọ gan-an, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá jáde ló máa ń wọlé. Òǹkọ̀wé ìwé ńlá kì í sábà rí ojú ẹni tó ń kà á. Ti akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ dà bí ti olóúnjẹ tí oníbàárà ń jẹun níwájú rẹ̀: kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Á dúró lẹ́yìn àwọn tó ń kà á, á gbọ́ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, á gbọ́ ẹni tó ń pè é ní òpùrọ́. Bí omi bá yọ lọ́jọ́ kejì, á gbà pé òun lòun mú un yọ, bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni. Ẹni tó bá ti gbádùn èyí rí, ó ṣòro kó tó jáwọ́.

Kò yọ ewu sílẹ̀ o. Ní Nàìjíríà, a ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn aláṣẹ dá dúró nítorí ohun tó kọ. Kì í sì í ṣe gbogbo akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń di òǹkọ̀wé. Lóòótọ́, J. P. Clark, tó ṣe olóòtú The Beacon tó sì dá The Horn sílẹ̀ fún ewì ní Ìbàdàn kan náà, bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn ní Daily Express, ó sì di gbajúgbajà akéwì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn di lọ́yà tàbí dókítà tó mọ̀ ọ́n kọ, èyí náà tó nǹkan. Ohun tó ń dùn mí ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gba ojú ewé àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí kan, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jiyàn nídìí oúnjẹ.

Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yìí, wádìí ibi tí àwọn pírẹ́ẹ̀sì ti ń ṣèpàdé. Má kọ́kọ́ gbé èrò rẹ lórí orílẹ̀-èdè lọ bá wọn. Ìròyìn omi ni kí o gbà.