Orí Ojú-Ewé àti Ara Ọ̀rọ̀

Ta ló kọ ọ́? Ìgbà wo ló jáde? Èdè wo ni? Ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì lè dáhùn nínú head, apá HTML tí òǹkàwé kì í rí, tàbí kí ó so ìdáhùn mọ́ ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé ń kà. Ẹ̀yìn ọ̀nà kejì yìí ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Head rọrùn, mi ò jiyàn. Ìlà meta (táàgì àlàyé nípa ojú-ewé) kan fún òǹkọ̀wé, òmíràn fún ọjọ́, ó parí. Dublin Core, ìlànà fún irú àlàyé yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Dublin, Ohio, ní Amẹ́ríkà ní 1995, to wọ́n sí 15. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú ò tó ni irọ́ ti máa ń rí ààyè. Àwọn onísáìtì kó ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n sínú meta keywords kí èrò lè ya lọ sọ́dọ̀ wọn, títí Google fi kéde ní 2009 pé òun kì í wò ó tí òun bá ń to èsì. Olóòótọ́ gan-an lè gbàgbé: ó tún orúkọ òǹkọ̀wé ṣe lábẹ́ àkọlé, àṣìṣe àná sì wà nínú head síbẹ̀.

Ọ̀nà kejì yàtọ̀. Pẹ̀lú microdata, àmì tí a ń fi sára HTML ọ̀rọ̀ náà gan-an, itemprop="author" ni a fi yí orúkọ tó wà lójú ká. Ẹni tó bá tún un ṣe fún òǹkàwé ti tún un ṣe fún ẹ̀rọ. Àmọ́ ó máa ń mú kí HTML kún fọ́fọ́, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi yan JSON-LD, tó ń kó àlàyé jọ lọ́tọ̀ sí ara ọ̀rọ̀, tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí ní 2014, tí Google náà sì ń dámọ̀ràn. Bí orísun kan náà bá ń pèsè JSON-LD àti ọ̀rọ̀ tó wà lójú, ó dára. Bó bá jẹ́ ọwọ́ la fi ń kọ ọ́, ẹ̀dà méjì tún dé.

Ohun kan wà tí a ò lè gbà lọ́wọ́ head: charset utf-8, tó ń sọ bí a ṣe ń ka báìtì sí lẹ́tà, láàárín báìtì 1024 àkọ́kọ́. Tí kò bá sí, "ẹja" lè di "áº¹ja". Ti èdè yàtọ̀. Ara táàgì html ni lang="yo" máa ń wà, ìpínrọ̀ Yorùbá kan láàárín ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì sì lè ní tirẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún ẹni tí kò ríran lè mọ̀ pé èdè ti yí. Kò sí meta tó lè ṣe ìyẹn.