Ọjà Igbókọ̀dá

Kí ni ó ń fa ènìyàn sí ọjà Igbókọ̀dá? Ará etí òkun a gbé ẹja gbígbẹ àti ẹní wá nínú ọkọ̀. Ará òkè a gbé gàrí wá. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú ní irú àpéjọ bẹ́ẹ̀: ti Ìpínlẹ̀ New York bẹ̀rẹ̀ ní 1841, a sì ń ṣe é di òní. Owó nìkan kọ́ ni. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, ó sì ti tú àwọn aládùúgbò ká. Ọjà a máa jẹ́ kí wọ́n tún fojú kan ara wọn. Nítorí náà, ẹni tí a kò bá rí ní ọjọ́ ọjà méjì, ẹ jẹ́ kí a wá a lọ.