Owó Iléèwé Amẹ́ríkà: Ibi Tí Kámẹ́rà Kì Í Dé

Àṣẹ tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí lóṣù Kẹta ọdún 2025, pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ká, kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ rò pé ibẹ̀ ni owó iléèwé wọn ti ń wá. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni ìjọba àpapọ̀ ń san. Ìpínlẹ̀ àti àdúgbò ló ń gbé ìyókù, owó orí ilé àti ilẹ̀ sì ni òpómúléró owó ti àdúgbò. Fíìmù kì í sábà gbé kámẹ́rà débẹ̀.

Ẹ wo Freedom Writers, tó jáde lọ́dún 2007. Hilary Swank ló ṣe olùkọ́ náà, Erin Gruwell, ní iléèwé kan ní Long Beach, California. Ó tọrọ ìwé fún kíláàsì rẹ̀, tí ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ Látìn àti ọmọ Éṣíà kún inú rẹ̀. Ìwé wà nínú yàrá, wọ́n tò ó jọ gègèrè, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ fárí gá: àwọn ọmọ yẹn á bà á jẹ́ ni. Olùkọ́ bá lọ wá iṣẹ́ mìíràn mọ́ ti iléèwé, ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìwé fún wọn. Kò sẹ́ni tó máa wò ó tí àánú ò ní ṣe. Dangerous Minds ti ọdún 1995 náà gba ọ̀nà yìí: olùkọ́ òyìnbó ni akọni, ọ̀gá iléèwé ló ń di ọ̀nà mọ́ ọn. Ta ló wá ń pín owó?

Ní San Antonio, ìpínlẹ̀ Texas, lọ́dún ẹ̀kọ́ 1967 sí 1968, dọ́là 356 ni wọ́n ná lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Edgewood, níbi tí àwọn ọmọ tó tan mọ́ Mexico pọ̀ sí jù. Ní Alamo Heights, tí òyìnbó pọ̀ sí, dọ́là 594 ni. Ìwọ̀n owó orí tí wọ́n bù lé àwọn ará Edgewood ló tún ga jù, àmọ́ ilé wọn ò níye lórí. Demetrio Rodriguez àtàwọn òbí mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún 1973, adájọ́ 5 borí 4 nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ: wọ́n ní òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò ka irú ìpín bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Kí ló fà á tí ilé àwọn tó tan mọ́ Mexico àti ti aláwọ̀ dúdú kò fi níye lórí? Láti àwọn ọdún 1930 ni ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kun àdúgbò wọn lórí àwòrán ilẹ̀, pé ewu ni kí ẹnikẹ́ni yá wọn lówó ilé. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń bu owó kún ti àdúgbò tálákà báyìí, nítorí náà àlàfo náà kò rí bákan náà níbi gbogbo.

Lọ́dọ̀ tiwa ní etíkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Nàìjíríà, òdìkejì ni. Ọrọ̀ àdúgbò Amẹ́ríkà kì í kúrò níbẹ̀. Epo tó wà lábẹ́ omi wa, Àbújá ni owó rẹ̀ ń kọ́kọ́ lọ. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí ó kéré tán ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún padà sí ìpínlẹ̀ tí epo ti jáde. Nínú èyí tó bá kan Oǹdó, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti OSOPADEC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè àgbègbè elépo. Ìlú Ayétòrò ní etíkun wa yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, ti fìgbà kan kó owó gbogbo ará ìlú sínú àpò kan ṣoṣo, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ná fún gbogbo ilé. Lónìí, òkun ti gbé ilé àti iléèwé lọ níbẹ̀.

Èmi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé fíìmù ló mú ká máa retí olùkọ́ akọni dípò owó tó yẹ, ṣùgbọ́n ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Nígbà tí kámẹ́rà bá dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé, tó ń tukọ̀, ló máa ń wá kiri. Ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù, ẹ ya ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọpa owó epo láti Àbújá dé Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ sì bá a dé ẹnu ọ̀nà iléèwé ọmọ náà.